Oníyìnyín àti Ìyá Ìwúkàrà

Gbulọ́. Á dákẹ́ díẹ̀. Gbulọ́.

Ohùn yẹn ni Oníyìnyín kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tó wọ iṣẹ́ ọtí. Títí di òní tí orí rẹ̀ ti funfun bí òwú, tí òkun sì wà láàárín òun àti ibi tó ti gbọ́ ọ, kò tíì kúrò létí rẹ̀. Àgbá onígi ńlá kan ló ń mí. Wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ẹnu àgbá náà, wọ́n ti ìkángun rọ́bà bọ inú ìgò omi, gbogbo èémí tí ọtí bá sì mí, inú omi yẹn ló ń gbà jáde. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá bíà wà láàyè, kó má wulẹ̀ wo ojú rẹ̀, kó dẹtí sí i.

Gìrìpá ọkùnrin ni nígbà yẹn. Ó ti mọ bíríkì, ó ti bá àwọn kan kun ilé lọ́dà, ó wá ń wa ọkọ̀ ẹrù, kò sí èyí tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ọkà bálì ló já sí ilé ìpọntí ọ̀gá yìí lọ́jọ́ náà. Ó já ẹrù tán, kò sì lọ mọ́. Ilé náà kò tóbi. Àjà rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé ẹni tó bá ga gbọ́dọ̀ máa rìn bí ẹni tó ń kí àgbà. Sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ rẹ̀, ó sì dagẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ gọ́tà, nítorí pé ìdajì iṣẹ́ apọntí, omi dídà ni. Ìkòkò bàbà kan wà lápá òsì tó pọ́n yòò, àwọn àgbá tò sápá ọ̀tún, fèrèsé kan sì wà tí kì í pa dé tán. Gbogbo ibẹ̀ ń rùn bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń yan búrẹ́dì lórí igi tútù.

Ọmọ kan ṣoṣo ni ọ̀gá náà bí, obìnrin ni, ó sì fi ọdún díẹ̀ ju Oníyìnyín lọ. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè é. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ àgbá, bí wọ́n ṣe ń fọ rọ́bà, bí wọ́n ṣe ń fọ búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi fọ rọ́bà. Nígbà tó ráhùn, obìnrin náà ní apọntí tó bá kórìíra fífọ nǹkan, kó kúkú lọ máa ta omi, nítorí omi kì í bàjẹ́ lọ́wọ́ ọ̀lẹ.

Ṣùgbọ́n ìwúkàrà ni ọba iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá rí i nísàlẹ̀ àgbá, tó rí bí ẹrẹ̀ funfun, kò ní kà á kún. Síbẹ̀ ohun abẹ̀mí ni. Ṣúgà inú ọkà ló ń jẹ, agbára ọtí ló ń yà. Ọ̀gá a máa ní kí á má tan ara wa, pé ìgbẹ́ ìwúkàrà ni gbogbo ayé ń mu tí wọ́n ń jó. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ohun tó yà náà ló ń pa á. Bí ọtí bá ti le jù, ìwúkàrà á dákú sínú rẹ̀, bí ẹni tó dáná igi nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Ìdí nìyẹn tí bíà kì í fi í le kọjá ibì kan. Ti ọ̀gá yìí kì í tètè dákú. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti gbà á, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tọ́jú ojú.

Oníyìnyín fẹ́ràn ilé náà, ó fẹ́ràn àwọn tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù mú gan-an, ó rí ìgò bíà kan tí wọ́n gbàgbé sójú fèrèsé. Ìdajì rẹ̀ ti di yìnyín, ìdajì ṣì ń ṣàn. Ó da èyí tó ń ṣàn sínú ife, ó gbé e mu, ojú rẹ̀ là. Omi ló kọ́kọ́ dì. Agbára ọtí kò dì. Bí èèyàn bá yọ yìnyín sọ nù, ohun tó kù á le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, bó bá sì tún un ṣe, á tún le sí i. Ó sáré gbé ife lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá tọ́ ọ wò, ó lá ètè, ó ní ó dùn. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ̀rọ̀ tó ba ìdùnnú náà jẹ́.

“Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe pípọn, ọmọ mi. Yíyọ ni. Ẹni tó bọ́ aṣọ lára èèyàn kò mú onítọ̀hún ga.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló sọ ọ́ ní Oníyìnyín, orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí.

Nígbà tí ọ̀gá papò dà, ilé ìpọntí di ti ọmọ rẹ̀. Oníyìnyín dúró tì í títí ara ilé fi balẹ̀, ó wá gba yàrá yìnyín kan tí àwọn ẹlẹ́ja fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ àdúgbò, ó dá dúró. Kò sí ìjà láàárín wọn. Òórùn ẹja kò tètè kúrò níbẹ̀, àwọn ọ̀tá sì ń sọ pé bíà rẹ̀ ní ìpẹ́.

Àsìkò yẹn gan-an ni ìdíje ọtí líle gbòde. Àwọn apọntí ìlú náà ní ẹgbẹ́ kan tó ń pàdé lọ́dọọdún láti tọ́ ọtí ara wọn wò. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣe é tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí apọntí kan kọ ‘Ọkùnrin Mẹ́ta’ sára ìgò tirẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíì gbé ‘Ọkùnrin Méje’ dé. Ẹnì kan ya ẹṣin tó ṣubú sára ti tirẹ̀. Ẹnì kan kò ya nǹkan kan, ó kàn kọ ọ́ gàdàgbà pé ‘Jókòó Kí O Tó Mu.’ Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ohun tí èèyàn bá ti fi ṣeré, tí iyì bá wọ̀ ọ́, ó di ogun. Àwọn kan da ṣúgà lu ọtí títí ìwúkàrà wọn fi yó kú. Ọtí àwọn mìíràn kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọwọ́, ó wá ku àwọn méjì péré: Oníyìnyín, àti Ẹ̀gbọ́n, tí gbogbo àdúgbò ti ń pè ní Ìyá Ìwúkàrà.

Oníyìnyín kò tíì rí irú sùúrù obìnrin náà rí. Kì í kó oúnjẹ fún ìwúkàrà lẹ́ẹ̀kan náà. Síbí síbí ló ń bu ṣúgà sí i, bí wọ́n ṣe ń bọ́ ẹni tó ń ti orí àìsàn bọ̀. Bí ojú ọjọ́ bá tutù, á fi kúbùsù bo àgbá. Bí ọtí kan bá wá parí, á gba ìwúkàrà tó yè nísàlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ni á fi pọn èyí tó kàn. Àwọn tó kú ti kú. Àwọn tó yè ló ń bí ti ọdún tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń le sí i láti ìran dé ìran. Oníyìnyín a máa bá a ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá ń wa ọkọ̀ kọjá lójú pópó, á yọrí lójú fèrèsé, á bèèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé àwọn ọmọ ti jẹun?” Obìnrin náà á ní wọ́n ti jẹun, wọ́n sì ń kí i, wọ́n ń béèrè bóyá òkú tirẹ̀ ṣì ń tutù. Nínú ọkàn Oníyìnyín lọ́hùn-ún, ó mọ̀ pé ohun tí òun ń fi alẹ́ kan àti ẹ̀rọ ṣe, ẹni yìí ń fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe é.

Ó wá di ọdún kan tí ooru mú. Ìgò tí Ẹ̀gbọ́n fi ń pa ìwúkàrà mọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bàjẹ́, ó kan, ó sì dà á nù. Gbogbo ohun tó kù nínú ìwúkàrà bàbá rẹ̀ láyé, inú àgbá kan ṣoṣo ló wà, àgbá ìdíje. Àgbá náà ń lọ sókè dáadáa. Ó wá di àárọ̀ kan, rọ́bà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ọjọ́ kejì, kò sọ̀rọ̀. Obìnrin náà dín oúnjẹ kù, ó tún kúbùsù dà bò ó, ó jókòó tì í bí ẹni jókòó ti aláìsàn. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ránṣẹ́ pe ẹni tí kò pè rí láti ọjọ́ tí ìdíje ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán ni Oníyìnyín dé pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀, yìnyín kún ẹ̀yìn. Ó ti múra ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ kalẹ̀ láti ọ̀nà. Nígbà tó wọlé tó rí Ẹ̀gbọ́n lórí àpótí níwájú àgbá, tí kò yí orí, tí kò bú u, ẹ̀rù bà á.

“Ó ti kú,” Ẹ̀gbọ́n wí. “Gbé e lọ.”

Oníyìnyín bi í pé gbé kí ni lọ. Obìnrin náà sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀ tán. Ìwúkàrà Bàbá ti dákú, kò jí mọ́. Ọtí náà kò tíì débi tó yẹ kó dé, ṣùgbọ́n kò yẹ kó ṣòfò. Kí Oníyìnyín gbé e lọ sí yàrá rẹ̀, kó yọ omi inú rẹ̀, kó gbé e síwájú àwọn adájọ́ lórúkọ àwọn méjèèjì. Ó kéré tán, orúkọ Bàbá á tún jáde lẹ́ẹ̀kan sí i.

Apọntí ni Oníyìnyín, ó mọ ohun tí wọ́n ń gbé lé e lọ́wọ́. Bíà tirẹ̀, lẹ́yìn gbogbo yìnyín yíyọ, ìdá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ agbára, ọtí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bó bá wá jẹ́ pé ọtí inú àgbá yìí ló bọ́ sọ́wọ́ yìnyín rẹ̀, ọtí tó ti le kó tó débẹ̀, ohun tó máa jáde kò ní lẹ́gbẹ́ láyé ìgbà náà. Kò sí apọntí tí kò ní fẹ́ kí ọwọ́ òun kan irú rẹ̀. Ó ní kí Ẹ̀gbọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ rí ìwọ̀n rẹ̀.

Obìnrin náà bu díẹ̀ sínú ife gígùn. Ó mú dígí ìwọ̀n, dígí tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní nọ́ńbà lọ́rùn tó máa ń léfòó. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ọtí, ọrùn rẹ̀ á yọ sókè. Bí ìwúkàrà bá ti jẹ ṣúgà náà, á rì. Ó fi lé ojú ọtí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́ ìkókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Dígí náà dúró síbi tó ti wà láti àwọn àárọ̀ wọ̀nyẹn, ọrùn gbọọrọ. Ó ní kí Oníyìnyín rí i, pé kò sẹ́ni tó ń jẹun mọ́ níbẹ̀.

Oníyìnyín tẹ̀ síwájú. Ó rí i.

Ara dígí náà kún fún àwọn ìlẹ̀kẹ̀ afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́, wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn láti ìdí dé ọrùn, wọ́n gbé e sókè bí kèrègbè ṣe ń gbé apẹja lójú odò. Ọ̀dọ̀ ta ni afẹ́fẹ́ ti ń wá bí kò bá sí ẹni tó ń mí? Nínú bíà fẹ́lẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ tó fi ń bẹ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọtí yìí ti ki bí oyin, kò jẹ́ kí wọ́n lọ. Bíà yìnyín tirẹ̀ náà kì í ṣe ẹran kékeré nínú kíki, ó ti fi dígí tan òun jẹ rí, bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ̀. Ẹ̀gbọ́n kò sì lè mọ̀, nítorí pé òfin bàbá rẹ̀ ló ń pa mọ́. Ọ̀gá ti kọ́ wọn pé a kì í gbọn ọtí líle, kí afẹ́fẹ́ má bàa bà á jẹ́. Obìnrin náà bọ̀wọ̀ fún òfin náà nínú àgbá, ó bọ̀wọ̀ fún un nínú ife pẹ̀lú. Láti ọjọ́ tó ti ń lo dígí, kò yí i rí.

Oníyìnyín dúró. Yìnyín ń yọ́ nínú ọkọ̀ níta, ó ń gbọ́ bí omi rẹ̀ ṣe ń kán sí ojú títì. Bó bá pa ẹnu mọ́, tó ní kí wọ́n bá òun ti àgbá, iṣẹ́ bùṣe. Òtútù á pa ohun tó kù láàyè nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó wà láàyè nígbà tó gbé e. Ó tún wo dígí náà. Ìlẹ̀kẹ̀ kan já, ó gòkè, òmíràn sì ti ìsàlẹ̀ wá gba ipò rẹ̀. Nínú ọtí tó le tó yẹn, tó yẹ kó ti pa gbogbo wọn, wọ́n ṣì ń jẹun.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó wí, “ẹ yí i.”

“Kí n yí kí ni?”

“Dígí yẹn. Ẹ fi ọmọ ìka mú un lórí, kẹ́ ẹ yí i bí òkòtó.”

“Bàbá ní a kì í gbọn ọtí.”

“Inú àgbá ni Bàbá ń wí. Èyí tó ti bọ́ sínú ife, mímu la máa mu ún. Ẹ yí i.”

Obìnrin náà wò ó bí ẹni wo aṣiwèrè. Ó mú orí dígí, ó yí i. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tú, wọ́n rọ́ gòkè, dígí náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Nọ́ńbà kan wọlé, òmíràn wọlé, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń bọ̀ láti orí àtẹ̀gùn tí kò kánjú. Nígbà tó dúró, Ẹ̀gbọ́n ti di etí tábìlì mú. Ó tún un yí lẹ́ẹ̀kan sí i, dígí dúró síbi kan náà.

Ó gbójú sókè. “O ti mọ̀ kó o tó sọ̀rọ̀,” ó wí.

“Mo mọ̀.”

“O sì pẹ́ kó o tó sọ ọ́.”

“Mo pẹ́ díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ní omi nínú. Ó ní pé díẹ̀ náà dára, pé ẹlòmíì ì bá pẹ́ títí ayé. Ó ní kó bọ́ bàtà rẹ̀ kó wá bá òun ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé etí lé ara àgbá, wọ́n ń wá ibi tí èémí ń gbà sá lọ tí rọ́bà kò fi sọ̀rọ̀ mọ́. Nísàlẹ̀, níbi tí pákó méjì ti pàdé, ooru ti ya igi díẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ jáde wúyẹ́wúyẹ́ bí òfófó. Oníyìnyín yọ́ ìda, ó fi dí i. Ẹ̀gbọ́n bu ṣúgà síbí kan sí i. Kò pẹ́ tí ìgò omi fi dáhùn. Nígbà tó padà dénú ọkọ̀, yìnyín rẹ̀ ti di adágún.

Lọ́jọ́ ìdíje, yàrá ìpàdé ẹgbẹ́ kún dé ẹnu ọ̀nà. Olórí àwọn adájọ́ jẹ́ apọntí tó ti fẹ̀yìn tì tí wọ́n ń pè ní Ahọ́n, nítorí pé òun àti ahọ́n rẹ̀ nìkan ló kù tó gba ohun tó ń sọ gbọ́. Wọ́n wọn ọtí Oníyìnyín, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò yẹ̀. Wọ́n wọn ti Ìyá Ìwúkàrà. Ogún. Ìwúkàrà láìsí ìrànlọ́wọ́ kò débẹ̀ rí nílùú yẹn. Àwọn apọntí dìde dúró láìsí ẹni tó ní kí wọ́n dìde. Ahọ́n gbé ipò kìíní fún Oníyìnyín bí òfin ti wí, ó wá tọ́ ọtí kejì wò, ó di ojú, ó ní ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má bá òun sọ̀rọ̀ ná. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Oníyìnyín náà gbà síbí kan mu. Èso gbígbẹ ló kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu, ìgbà náà ni búrẹ́dì tó jóná díẹ̀, lẹ́yìn náà ooru kan tó rọra ń lọ sísàlẹ̀ àyà, tí kò já èèyàn jẹ bí ti tirẹ̀ ṣe máa ń jáni jẹ. Òun ló gbégbá orókè, síbẹ̀ ojú Ẹ̀gbọ́n ló ń wò.

Ipò kìíní yẹn ló gbé e lọ sókè òkun. Ilé iṣẹ́ ọtí ńlá kan gbọ́ òkìkí yìnyín rẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ wá mú un, wọ́n fi yàrá onírin kan ṣe tirẹ̀, níbi tí kò sí igi, tí kò sí àgbá tó ń mí. Lọ́jọ́ tó ń lọ, Ẹ̀gbọ́n bi í bóyá kí òun bu díẹ̀ fún un nínú ìwúkàrà Bàbá. Ó ní rárá, pé yìnyín wà níbi tí òun ń lọ. Àwàdà ló fi ṣe é, ó sì dùn ún kó tó dé ìdí ọkọ̀.

Ọdún gorí ọdún. Ó fẹ́yàwó, ó bímọ, ó sin ìyàwó, ó fẹ̀yìn tì. Lọ́dọọdún lẹ́yìn ìdíje, Ẹ̀gbọ́n á fi nọ́ńbà agbára ọtí rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, nọ́ńbà nìkan, láìsí kíkí. Nípa kaádì nígbà kan, orí fóònù lẹ́yìn náà. Oníyìnyín á fi yẹ̀yẹ́ dá a lóhùn, á ní àwọn ọmọ yẹn mà ń lọ́ra o, á ní ìgbín ti kọjá wọn. Nọ́ńbà náà kì í lọ sókè púpọ̀. Nígbà mìíràn ibi tó wà lésìí náà ló tún wà.

Lọ́dún yìí, ó wà ní ilé ìdáná ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń bó ọsàn, nígbà tí fóònù dún. Ó wọ awò ojú. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó bọ́ awò, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ohun tí òun fi ẹ̀rọ àti òtútù gbà lọ́jọ́sí, ìwúkàrà Bàbá ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀, síbí kan lẹ́yìn síbí kan, láti ìran dé ìran, lọ́wọ́ obìnrin tó ti di arúgbó bí òun náà ti di arúgbó. Ọmọ rẹ̀ rí ojú rẹ̀, ó bi í pé Bàbá, ṣé kò sí nǹkan. Ó ní kò sí nǹkan kan, pé ẹnì kan ló dé ibi tó ń lọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì. Ó kọ yẹ̀yẹ́ kan, ó pa á rẹ́. Ó kọ òmíràn nípa ìgbín, ó pa ìyẹn náà rẹ́. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó parí ọsàn tó ń bó, ó jẹ ẹ́, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún jókòó. Ó ń fi ìka kan wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò pe ọmọ rẹ̀ pé kó bá òun tẹ̀ ẹ́. Ohun tó fi ránṣẹ́ nìyí:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ti bá mi, ẹ̀yin lẹ sì gba ọ̀nà gidi. N kò ní yẹ̀yẹ́ kankan lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu díẹ̀ fún mi nínú ìwúkàrà Bàbá, kẹ́ ẹ dì í dáadáa, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. N kò ní gbé e sún mọ́ yìnyín.”